Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ Wo Lẹ Ń Sọ?

Ẹjọ́ ni mo gbé wá lónìí, èmi gan-an sì wà lára àwọn tí mo fẹ́ pè lẹ́jọ́.

Ní sáà tó kọjá, wọ́n gbé ìwé ìléwọ́ kan tó dá lórí ìlera fún wa ní kíláàsì ìtumọ̀ pé ká yí i sí Yorùbá. Hepatitis A, hepatitis B, hepatitis C ló kún inú rẹ̀. Àwa tí wọ́n pín sójú kan jókòó, a rò ó sọ́tùn-ún, a rò ó sósì, a sì fẹnu kò pé "àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀" la ó máa kọ níbi gbogbo. Ẹnìkan nínú wa bi wá pé kí ni lẹ́tà A, B, C ń wá nínú ojúlówó Yorùbá, ó ní ńṣe ló dà bí orúkọ kíláàsì nílé ẹ̀kọ́ girama. A rẹ́rìn-ín, a gé àwọn lẹ́tà náà dànù. Èdè wa dùn, ó ń ṣàn geere, a sì gba máàkì tó dáa.

Ìwé tí a kọ yẹn lè pa èèyàn. Mo ti ń rò ó láti ìgbà náà, n kò sì rí ọ̀nà tó fúyẹ́ ju èyí lọ tí mo lè gbà sọ ọ́. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwa kò wo ilé kankan. Ọmọ márùn-ún la kó jọ, a sọ gbogbo wọn ní orúkọ kan, a sì ní kí òǹkàwé mọ èyí tó ń pànìyàn nínú wọn.

Àrùn márùn-ún ni o

Kòkòrò àìfojúrí márùn-ún ló ń jẹ́ hepatitis: A, B, C, D àti E. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ kò ju pé ẹ̀dọ̀ ni gbogbo wọn ń bá jà. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé yàtọ̀, bí wọ́n ṣe ń pẹ́ lára yàtọ̀, ibi tí wọ́n ń gbé èèyàn lọ sì yàtọ̀.

A àti E máa ń bá omi tàbí oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti kó èérí bá wọlé. Ẹyinjú á pọ́n bí ìyeyè, ìtọ̀ á dà bí tíì tí kò ní mílíìkì, oúnjẹ ò ní wu èèyàn jẹ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí oṣù bíi mélòó kan, ara ọ̀pọ̀ èèyàn á lé e jáde fúnra rẹ̀. N kò sọ pé wọ́n jẹ́ àrùn ṣeréṣeré o. E a máa le gan-an lára aláboyún, ó sì ń pa wọ́n. Ṣùgbọ́n A kì í bá èèyàn gbé títí ọdún fi ń gorí ọdún. E náà kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀, àfi lára ẹni tí agbára tí ara fi ń gbèjà ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gidigidi. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò ní torí pé jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ A ṣe é lọ́mọdé kó wá ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ lágbà.

B, C àti D ló yẹ ká máa bẹ̀rù. Ẹ̀jẹ̀ àti omi ara ni ọ̀nà tiwọn: láti ara ìyá sí ọmọ nígbà ìbímọ, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti fi gún ẹlòmíràn, abẹ tí wọ́n fi fárí tàbí tí wọ́n fi kọlà láì fọ̀ ọ́ bó ṣe yẹ, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà síni lára láì yẹ̀ ẹ́ wò, àti ìbálòpọ̀, pàápàá fún B. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Àwọn wọ̀nyí lè wà lára èèyàn fún ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n ọdún, kí ojú má pọ́n, kí ara má gbóná, kí onítọ̀hún máa gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ lálaalẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé B àti C pa èèyàn tó mílíọ̀nù 1.3 lọ́dún 2022, pé nínú 100 tó kú bẹ́ẹ̀, 83 jẹ́ ti B. Ẹ̀dọ̀ tó ti di àpá àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni wọ́n fi ń pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, torí kò rí bákan náà láàárín àwọn mẹ́ta yìí pàápàá.

B kì í gbé inú ẹ̀dọ̀ bí ayálégbé. Bí ẹni tó wọ ilé onílé tó sì lọ yí orúkọ inú ìwé ilẹ̀ padà ló rí. A máa ki nǹkan tirẹ̀ bọ inú DNA sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì náà fi ń mọ bí yóò ṣe dàgbà àti ìgbà tí yóò dúró. Bí ó bá bọ́ síbi tí kò dára, sẹ́ẹ̀lì náà lè máa pọ̀ sí i láìdúró. Ìdí nìyí tí B fi lè di jẹjẹrẹ lára ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò tíì di àpá rárá. Bí oró tó máa ń wà nínú ẹ̀pà àti àgbàdo tó ti bu bá tún pàdé B lára ẹnìkan, ewu náà ń pọ̀ sí i lọ́nà tó ju ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ.

C kò lè ki ara rẹ̀ bọ ìwé ilẹ̀ yẹn. Ṣíṣá ló ń ṣá ẹ̀dọ̀ lọ́gbẹ́. Ọgbẹ́ á jinná, á tún ṣá a, á tún jinná, àpá á gun orí àpá, títí ẹ̀dọ̀ tó rọ̀ fi máa le gbandi. Nínú àpá yẹn ni jẹjẹrẹ ti sábà ń hù. Nínú èèyàn 100 tí C bá wọ̀ lára, nǹkan bí 70 ni kì í kúrò lára wọn fúnra rẹ̀.

D ní tirẹ̀ kò lè dá dúró, aṣọ B ló ń yá wọ̀. Ẹni tí kò bá ní B kò lè ní D. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá pàdé lára ẹnìkan, ẹ̀dọ̀ onítọ̀hún á tètè bàjẹ́, ewu jẹjẹrẹ á sì di ìlọ́po méjì sí ìlọ́po mẹ́fà ti ẹni tó ní B nìkan. Lọ́dún 2025, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka D mọ́ àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ, níbi tí B àti C ti wà tipẹ́.

Bí ẹnìkan bá rò pé mò ń sọ àsọdùn, kó lọ wo iṣẹ́ tí Palmer Beasley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Taiwan. Wọ́n tọ́pa òṣìṣẹ́ ìjọba 22,707, ọkùnrin ni gbogbo wọn. Àwọn 3,454 ní B lára, àwọn yòókù kò ní in. Nígbà tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1981, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ti mú èèyàn 41. Nínú 41 yìí, 40 wá láti inú àwọn tó ní B. Ẹnìkan ṣoṣo ló wá láti inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó kù.

Bí orúkọ kan ṣe ń pànìyàn

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí "jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀" lásán ń ṣe láàárín ìlú.

Àkọ́kọ́, ó ń fún èèyàn ní ìfọ̀kànbalẹ̀ èké. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kan ní A, ojú rẹ̀ pọ́n. Ìyá àgbà se agbo fún un. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ojú rẹ̀ mọ́, ọmọ ń sáré kiri. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé agbo ìyá àgbà ń wo jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀. N kò wá bú agbo o, èmi náà mu ún dàgbà. Ṣùgbọ́n ara ọmọ yẹn ló ṣe iṣẹ́, agbo ló gba ìyìn. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò, wọ́n ní ó ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀. B ni, ṣùgbọ́n ta ló sọ fún un pé ó yàtọ̀? Ó lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ó mu agbo fún oṣù kan. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, torí kò fìgbà kan pọ́n tẹ́lẹ̀. Ó ní òun ti gbádùn. Kò padà sí ilé ìwòsàn mọ́.

Ìkejì, ó ń dá ẹ̀rù sílẹ̀ níbi tí ẹ̀rù kò sí. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ gbé yàrá ní ọdún kìíní ṣe àyẹ̀wò ìlera tí wọ́n ń ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Wọ́n ní ó ní B. Wọn kò ṣàlàyé ju pé kó máa ṣọ́ra. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà máa fi tó yàrá wa létí, "jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀" ló ti dà. Ẹnìkan lọ gúgù ú, ó rí i pé oúnjẹ àti omi ló ń gbé e kiri. Ohun tó kà jóòótọ́, àmọ́ ti A ló kà. Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n ya ṣíbí àti abọ́ ọ̀rẹ́ mi sọ́tọ̀. Ẹni tí wọ́n ti ń jọ ń jẹ gàárì nínú ike kan bẹ̀rẹ̀ sí dá jẹun ní ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì. B kì í gba inú ṣíbí ràn, kì í gba inú abọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í gba ìbọwọ́. Abẹ fífárí tí àwọn ọmọkùnrin yàrá náà jọ ń lò ló yẹ ká yà sọ́tọ̀, ìyẹn ni ẹnikẹ́ni kò sì dá sí. Èmi náà wà nínú yàrá yẹn, n kò sì sọ̀rọ̀.

Ìkẹta, ó ń jẹ́ ká di ẹ̀ṣẹ̀ ru aláìṣẹ̀. Bàbá kan ládùúgbò wa, tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wú, ara rẹ̀ ń gbẹ. Kò tó oṣù mẹ́rin tó fi lọ. Dókítà sọ pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni. Àwọn ẹbí ní irọ́ ni, pé wọ́n fún un ní nǹkan jẹ níbi òde kan ni, wọ́n sì mọ ẹni tó gbé abọ́ fún un. Ìdílé méjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí di òní. Kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ bàbá náà wò, tàbí ti àwọn àbúrò rẹ̀ tí ìyá kan náà bí.

Ibi tí ó sì ti yẹ kí wọ́n wò nìyẹn. Nínú ọmọ ìkókó tí B bá wọ̀ lára nígbà ìbímọ, ó lé ní 90 nínú 100 tí kì í kúrò lára wọn. Nínú àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, kò tó 5 nínú 100 tó máa ń dúró lára wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọkùnrin ẹni ogójì ọdún tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ pa níbí, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ pé yàrá ìgbẹ̀bí tàbí ìgbà tó ṣì ń rá ni ohun tó pa á ti wọlé. Kì í ṣe abọ́ òde àríyá. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n bàbá.

Ohun tí ẹ máa sọ

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ, torí wọ́n ti sọ ọ́ fún mi ní gbọ̀ngàn.

Wọ́n ní àwọn baba wa kò da ara wọn láàmú pẹ̀lú irú ìyàtọ̀ báyìí. Irọ́ ni. Làpálàpá, eéwo, ẹ̀tẹ̀, ìgbóná: awọ ara ni gbogbo wọn ti ń yọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní orúkọ tirẹ̀. Kí ló dé tí kò sẹ́ni tó pe gbogbo wọn ní "jawọjawọ"? Torí àwọn baba wa mọ̀ pé ẹni tó bá fi ojú làpálàpá wo ìgbóná máa sin ọmọ. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n fi sọ nǹkan lórúkọ, wọ́n sì fara balẹ̀ wò ó. Ohun tí kò hàn sójú ni B àti C, ẹ̀jẹ̀ nìkan la fi lè rí wọn. Bí àwọn baba wa bá ní ohun èlò tí a fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọn ì bá ti fún márààrún lórúkọ kí ọjọ́ tó rọ̀.

Wọ́n ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ yé gbogbo èèyàn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín. Ẹlòmíràn tó bá gbọ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, ikọ́ ló máa ń wá sí i lọ́kàn. Ẹlòmíràn á ní ibà pọ́njúpọ́njú ni, á sì máa wo ẹyinjú nínú dígí láràárọ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá ní ìtumọ̀ mẹ́ta lẹ́nu èèyàn mẹ́ta, a kò lè kọ ọ́ sórí ìwé ìlera ká má ṣàlàyé rẹ̀.

Wọ́n ní lẹ́tà òyìnbó ń ba ẹwà èdè jẹ́. A, B, D àti E wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá, ọdún kìíní la ti kọ́ ọ. C nìkan ni kò sí níbẹ̀, ẹ sì jẹ́ ká fi ìyẹn ṣe àmì ìrántí: èyí tí kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa náà ni èyí tí kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan. Bí lẹ́tà nìkan kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, mo dábàá ká máa fi àlàyé kún un: jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ olómi fún A àti E, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ fún B, C àti D. Bí ẹ bá ní orúkọ tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ mú un wá. Èyí tí mi ò ní gbà mọ́ ni orúkọ kan fún gbogbo wọn.

Wọ́n tún ní bí a bá ń dárúkọ jẹjẹrẹ, ẹ̀rù á ba èèyàn, wọn ò ní ṣe àyẹ̀wò. Ohun tó ń ba èèyàn lẹ́rù ni ìròyìn tí kò ní ọ̀nà àbáyọ nínú, ọ̀nà àbáyọ sì wà. Ẹni tó bá ní C, oògùn oníhóró tí wọ́n ń lò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá ń wo ó lé ní 95 nínú 100 sàn pátápátá. Ẹni tó bá ní B, kì í ṣe gbogbo wọn ló nílò oògùn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló nílò kí dókítà máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò látìgbà dégbà. Ẹni tó bá nílò oògùn, tenofovir máa ń ká B lọ́wọ́ kò, ewu jẹjẹrẹ á sì dínkù. Ẹni tí ewu rẹ̀ bá pọ̀ a máa ya àwòrán ẹ̀dọ̀ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, kí jẹjẹrẹ má bàa dàgbà kí wọ́n tó rí i.

B tún ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹni tó bá gbà á, B kò ní ráyè wọlé, D tó ń yá aṣọ B wọ̀ á sì rìn ní ìhòòhò. Taiwan bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọ ìkókó ní abẹ́rẹ́ yìí lọ́dún 1984. Láàárín 1981 sí 1986, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ń mú ọmọ 0.70 lọ́dún nínú ọmọ 100,000 tó wà láàárín ọdún mẹ́fà sí mẹ́rìnlá. Láàárín 1990 sí 1994, ó ti wálẹ̀ sí 0.36. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo gé jẹjẹrẹ sí nǹkan bí ìdajì láàárín ọdún mẹ́wàá.

Ọ̀rọ̀ kàn wá

Nàìjíríà fi abẹ́rẹ́ B kún àwọn tí wọ́n ń fún ọmọdé káàkiri orílẹ̀-èdè lọ́dún 2004. Ẹ ṣírò ọjọ́ orí yín. Àwọn kan nínú wa ti dáyé kó tó dé, wọ́n bí àwọn mìíràn nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Ó sì yẹ kí ọmọ gba àkọ́kọ́ rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún tí wọ́n bí i. Mélòó nínú wa ni ìyá rẹ̀ lè sọ pé ó rí bẹ́ẹ̀? Ìwádìí tí ìjọba ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè lọ́dún 2018 rí B lára èèyàn bíi 8 nínú 100, láàárín àwọn tó wà ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. C jẹ́ bí ẹnìkan nínú 100. Bí kíláàsì yín bá kún lọ́la, ẹ wo iwájú, ẹ wo ẹ̀yìn.

Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá fún yín lésì, ẹ má ṣe kúrò níwájú nọ́ọ̀sì kí ẹ tó béèrè pé: èwo ni? Bí ẹ kò bá ní B, ṣé ara yín ti ní ààbò sí i, àbí kí ẹ gba abẹ́rẹ́ náà? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àgbàlagbà sábà ń gbà á, láàárín oṣù mẹ́fà. Bí ẹ bá ní in, ẹ béèrè ọjọ́ tí ẹ máa padà wá, kí ẹ sì sọ fún ìyá yín àti àwọn ọmọ ìyá yín kí àwọn náà lọ. Ẹ̀yin aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ gbogbo tí ẹ ń fi tipátipá yẹ ẹ̀jẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wò, ẹni tí ẹ bá rí B lára rẹ̀, ẹ ṣàlàyé fún un. Ẹni tí kò bá ní in, ẹ gún un lábẹ́rẹ́. Bí ẹ ò bá ní ṣe méjèèjì, kí lẹ gba ẹ̀jẹ̀ wa fún?

Ní ti àwa ọmọ ẹ̀ka Yorùbá, àwa la máa kọ àwọn ìwé ìléwọ́ tó ń bọ̀. Àwa la máa ka ìròyìn lórí rédíò, tí ìyá àgbà máa gbọ́ nídìí ààrò. Mo ti padà sí ìtumọ̀ tí a ṣe yẹn. Bí mo ṣe tún ibẹ̀ kọ nìyí:

"Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ A àti E ń gba inú omi àti oúnjẹ wọlé. Wọ́n lè mú èèyàn gan-an, ṣùgbọ́n wọn kì í di jẹjẹrẹ. Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B, C àti D ń gba inú ẹ̀jẹ̀ wọlé. Wọ́n lè wà lára rẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ pé ojú rẹ pọ́n, wọ́n sì lè di jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè sọ fún ọ. Bí wọ́n bá sọ fún ọ pé o ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, béèrè pé: jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ wo?"

Kò ṣàn tó ti àkọ́kọ́. N kò bìkítà.